Aṣọ Irin Ìtúlẹ̀

Ẹni tí kò bá tíì fẹsẹ̀ tẹ akùrọ̀ tó wà lẹ́yìn Ẹlẹ́gbẹ́ka, níhà odò Ọ̀sẹ̀, kó má sọ fún mi pé òun mọ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ wà níbòmíràn, mo gbà. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Dúdú ni, ó sì ń yọ̀. Bó bá mú ọkọ́, àfi kí o wá igi ha á kúrò kí o tó tún lè kọ ebè mìíràn. Bó bá mú bàtà rẹ, o ti fi bàtà tọrẹ nìyẹn. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa sọ pé ilẹ̀ náà lawọ́, kò kàn fẹ́ kí àlejò tètè lọ ni.

Orí ilẹ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ Lábísí dá lé lọ́dún 1981.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Lábísí, ọmọ Jímọ̀ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àárín ìlú. Àwo páànù ló ń tà kó tó fẹ́ ará Ẹlẹ́gbẹ́ka. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, akùrọ̀ yìí nìkan ni nǹkan gidi tó fi sílẹ̀ fún òun àtàwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wà láyé, Àbúdùlàhí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Rùfáì. Bàbá Rùfáì kò bá a jà o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ èèyàn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà ẹbí pé akùrọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ obìnrin, àti pé ilẹ̀ tó bá ń sùn lásán, ìtìjú ìdílé ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà bá fún Lábísí ní òjò mẹ́ta. Bó bá lè túlẹ̀ náà láti ìdí ọ̀pẹ òkè dé ìdí ọ̀pẹ ìsàlẹ̀, kó sì gbin ìrẹsì sí i, tirẹ̀ ni títí láé. Bí kò bá lè ṣe é, kó fi í sílẹ̀ fún Bàbá Rùfáì.

Lójò kìíní, ọkọ́ lòun àti Àbẹ̀ẹ́bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tí omi fi bo ilẹ̀. Lójò kejì, wọ́n gba tírákítọ̀ ìjọba. Irin ìtúlẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ̀, òun ló yẹ kó máa gbé ilẹ̀ sókè kó sì máa yí i dà. Kò rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Irin kò sí mọ́, òkìtì ẹrẹ̀ kan ṣá ni tírákítọ̀ ń wọ́ kiri. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fi ṣọ́bìrì ha á, ó tún wà á, ẹrẹ̀ tún dì í. Títí oòrùn fi wọ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n ń ha, wọn ò túlẹ̀.

Òjò kẹta ló wá kù yìí o.

Olúgbádé lorúkọ awakọ̀ náà, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tí kì í sì í parọ́. Òun ló wá bá Lábísí nílé.

Ó ní, “Ìyá, tírákítọ̀ mi ò ní àléébù. Irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò bá ilẹ̀ yín mu. Ẹ bá mi wá irin tí ẹrẹ̀ kì í dì mọ́, màá tú tèmi, màá sì fi bóòtù de tiyín síbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lè fún yín, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Tó bá di Ọjọ́rú, Ìdógùn ni mo wà, kò sì sí bí mo ṣe lè padà.”

Lábísí wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó mú àbúrò rẹ̀ Jìbírílù lẹ́yìn, nítorí Jìbírílù ló jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, òun ló ń rọ irin tó sì tún ń jó o pọ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Kàsúmù tó ń ta irin àlòkù lójú ọ̀nà Ìpele. Irin ìtúlẹ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ tuntun ni, ó fẹ̀, ó ń dán gbinrin, ó dà bí èyí tí Olúgbádé ní àfi pé ó tóbi jù ú lọ. Ìkejì rí roboto bí ọmọrí ìkòkò. Ẹ̀kẹta ló lè pa yín lẹ́rìn-ín: irin kan tó ti dípẹtà, tí kò ní ara. Níbi tó ti yẹ kí irin tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀pá irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àlàfo sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó rí bí ìhà ewúrẹ́ tí ajá ti jẹ tán. Ọ̀kan lára àwọn ìhà náà tún ti tẹ̀.

Jìbírílù lu èyí tó tóbi gbàgàgbàgà. “Ẹ̀gbọ́n mi, irin rèé! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.”

Lábísí ti lóṣòó ti irin elégungun ìhà náà, ó ń ti ìka bọ àlàfo rẹ̀.

“Jìbírílù, ṣé o rántí àwo páànù mi?”

“Èwo ni ti àwo nínú ọ̀rọ̀ yìí?”

“Bí mo bá fọ̀ wọ́n tán tí mo sì tò wọ́n lórí ara wọn kí wọ́n tó gbẹ, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?”

Jìbírílù rẹ́rìn-ín, nítorí ó rántí bí òun ṣe máa ń fi eyín fà wọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Àwo méjì tó tutù tó bá wọ inú ara wọn, agbára ò lè tú wọn. O lè fà á títí apá yóò fi ro ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí í tú wọn ni kí o ti igi ìgbálẹ̀ bọ àárín wọn kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé báyìí, wọn á jábọ́ lára ara wọn láìjà láìta.

Lábísí ní, “Mo wo ẹrẹ̀ yẹn níjọ́sí, títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó lẹ̀ mọ́ irin, afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà wọlé. Èyí tó ní àlàfo yìí ni mo fẹ́.”

Kàsúmù tó ń tà á gan-an bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un rò. Ó ní láti ìgbà tí irin náà ti wà nílẹ̀, adìyẹ nìkan ló ń bà lé e. Nígbà tí ìròyìn sì dé Ẹlẹ́gbẹ́ka, Bàbá Rùfáì mi orí, ó ní, “Ìyàwó wa lọ sọ́jà irin, egungun ló rà bọ̀.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lábísí gbọ́, ó dùn ún dọ́kàn. Àmọ́ ẹnu dùn ún ròfọ́ ni.

Irin náà kù sọ́dọ̀ Jìbírílù kó bá a tọ́ ìhà tó tẹ̀, kó sì lu ihò bóòtù sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́ o, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Jìbírílù tó ti wà láti ayé bàbá wọn. Irin kankan kì í jáde níbẹ̀ ní ìhòòhò. Ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ àgbá omi, ìbáà jẹ́ èèkàn tí wọ́n máa so ewúrẹ́ mọ́, àfi kó wọṣọ. “Irin tó bá jáde ní ìhòòhò, alágbẹ̀dẹ ló dójú tì,” báyìí ni Jímọ̀ ṣe máa ń wí. Jìbírílù wá fi fáìlì ha ìpẹtà ara irin náà dànù títí ara rẹ̀ fi funfun. Ó tọ́ ìhà rẹ̀. Ìgbà náà ló wá ṣí ọ̀dà, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó gbẹ. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni, tó ń kọ mànà. Irin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú egungun wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, píkọ́ọ̀pù gbé Jìbírílù àti irin dé. Ó ti fi aṣọ bò ó. Nígbà tó ṣí aṣọ, háà! Àwọn obìnrin pariwo. Àbẹ̀ẹ́bí ní bóyá kí wọ́n má fi í túlẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé e sí pálọ̀. Lábísí fọwọ́ pa á lára, inú rẹ̀ dùn dé gongo, ó ní, “Jìbírílù, o ṣe mí lóore.” Ẹ rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Olúgbádé dè é mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀. Gbogbo ilé ti dé etí akùrọ̀. Bàbá Rùfáì jókòó lábẹ́ ọ̀pẹ òkè lórí àga tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e. Lábísí ní kí wọ́n dúró ná, ó ní “Bìsìmìláì,” ó sì ju ọwọ́ sí Olúgbádé pé kó máa lọ.

Irin wọlẹ̀. Ó lọ ẹsẹ̀ márùn-ún, ó lọ mẹ́wàá. Nígbà tó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹrẹ̀ ti dí gbogbo àlàfo náà, ó ti di ọ̀dà aláwọ̀ ewé mú bí ẹní mú gbèsè, òkìtì ẹrẹ̀ ọjọ́sí sì tún dìde. Olúgbádé pa ẹ́ńjìnnì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Bàbá Rùfáì dìde lórí àga, ó ní, “Ìyàwó, o ti gbìyànjú. Ọlọ́run rí i pé o gbìyànjú.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àánú rẹ̀ ṣe é lóòótọ́. Ojú Lábísí ṣú. Ó rìn wọ inú ẹrẹ̀ náà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti irin bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ha ẹrẹ̀ kúrò, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìgbẹ̀bẹ̀.

Ibi tó ti ń ha á ló ti rí i. Nítòsí ẹnu irin, òkúta kan ti bó ọ̀dà níbẹ̀ nígbà tí irin ń wọlẹ̀. Ibi tó bó náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ibi tí ọ̀dà wà ni ẹrẹ̀ dì mọ́. Ibi tó bó yìí mọ́ fínnífínní, ó ń tàn.

Lábísí dẹ́kun ẹkún. Ó bu ẹrẹ̀ kún ọwọ́, ó nà án mọ́ ibi tí ọ̀dà wà. Pàà! Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó bu òmíràn, ó nà án mọ́ ibi tó bó. Ẹrẹ̀ náà dúró díẹ̀, ó yọ̀, ó sì rọra bọ́ sílẹ̀, kò fi àmì kankan sílẹ̀.

“Ẹ wá wò ó!” Ó ké débi pé àwọn lékeléke etí odò fò. “Ọ̀dà ni! Ọ̀dà ló ń dì mú un! Jìbírílù, bá mi bó o!”

Gbogbo ojú yí sí Jìbírílù. Ó dúró gbọnyin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Irin ò jáde lọ́wọ́ mi ní ìhòòhò rí. Ọ̀rọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Ṣé níṣojú gbogbo ayé lẹ fẹ́ kí n bó o láṣọ?”

“Ilẹ̀ mi ń lọ, o ń sọ̀rọ̀ aṣọ!”

“Ọ̀rọ̀ bàbá wa ni!”

Lábísí kò tún bá a jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn àdá ha ọ̀dà náà fúnra rẹ̀. Àbẹ̀ẹ́bí àtàwọn yòókù sáré lọ já ewé ìpín, ewé gbágungbàgun tí wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò. Ẹnì kan bu iyanrìn odò. Olúgbádé fún wọn ní epo díẹ̀ láti inú tírákítọ̀ kí ọ̀dà lè rọ̀.

Jìbírílù yí ẹ̀yìn sí wọn, kó má bàa rí i. Bó ṣe yíjú sí etí akùrọ̀ ni ojú rẹ̀ bà lé nǹkan kan. Èèkàn igi tuntun mẹ́rin ni, wọ́n ti rì wọ́n mọ́ igun ilẹ̀ náà, àkísà pupa sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí èèyàn ṣe í pààlà ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, “Ta ló ri èèkàn wọ̀nyẹn?”

Bàbá Rùfáì wo ilẹ̀.

“Wọ́n ti ri èèkàn kí tírákítọ̀ tó dé?”

Jìbírílù bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi sápò. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ sún, ọwọ́ yín ò mọ irin. Ìpín ni kẹ́ ẹ mú.”

Wọ́n fọ irin náà láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ọ̀dà tí Jìbírílù fi ọjọ́ mẹ́ta kùn, òun náà ló ń ha dànù, ó ń kanra, ó ń bú ọ̀dà, ó ń bú ẹni tó ta ọ̀dà fún un. Àwọn obìnrin ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú iyanrìn àti ìpín, ìhà kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n bu omi sí i, Lábísí tẹ̀ síwájú, ó sì rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀.

Olúgbádé wo aago. “Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí yóò bá ṣe é, kó ṣe é báyìí.”

Irin tún wọlẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ibi yìí. Irin wọlẹ̀, ilẹ̀ sì gbé ara rẹ̀ sókè lórí àwọn ìhà mẹ́rin náà, ó gùn wọ́n lọ, ó yí padà, ó sì sùn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá bá ń yí ọmọ tó sùn síhà kejì. Dúdú ni ilẹ̀ náà, ó tutù, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ogún kọjá. Ogójì kọjá. Kò sí òkìtì. Ariwo tírákítọ̀ nìkan ló ń dún, àti ìró kan lábẹ́ rẹ̀, ṣẹẹẹẹ, tí ẹrẹ̀ ń yọ̀ lára irin. Nígbà tí Olúgbádé dé ọ̀pẹ ìsàlẹ̀ tó sì gbé irin sókè kó lè yí padà, irin náà mọ́ ju bó ṣe wọlẹ̀ lọ. Oòrùn kọ lu ara rẹ̀, ó kọ mànàmáná sí wa lójú, gbogbo èèyàn fi ọwọ́ bojú.

“Súbùhánàlláì,” Àbẹ̀ẹ́bí wí, ó sì jókòó sílẹ̀ gbaa.

Àwọn lékeléke ti padà, wọ́n ń tẹ̀ lé tírákítọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìlà kan di méjì, méjì di mẹ́wàá. Bí irin ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń dán sí i, débi pé ilẹ̀ tí a ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ aláyé ló wá ń fọ irin fún wa. Ẹ̀rù ba Lábísí, ẹ̀rù tó dùn. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ni yóò tú u, òun ló yan irin elégungun. Síbẹ̀ bó ṣe ń wò ó yìí, kò dà bí ohun tí èèyàn yàn. Ó rò ó pé bóyá ìgbà gbogbo ni ilẹ̀ yìí ti fẹ́ ṣí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, ilẹ̀ kù ìlà méjì. Èèkàn méjì wà lójú ọ̀nà irin, níhà ọ̀pẹ ìsàlẹ̀. Olúgbádé dín eré kù, ó ń wo Lábísí. Bàbá Rùfáì ló dìde. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ ẹrẹ̀ lọ tìyà tìyà, ó fa èèkàn kìíní tu, ó fa ìkejì tu. Ó sì kọjá lọ sí òkè, ó tu méjì yòókù. Tírákítọ̀ kọjá. Ilẹ̀ tán.

Olúgbádé tú irin náà sílẹ̀, ó bọ Lábísí lọ́wọ́ dáadáa, ó sì gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ. Irin wà nílẹ̀ lórí koríko, ó funfun báláú. Ìgbà yìí ni ojú wá ń ti Jìbírílù. Ó ń yí i po, kò mọ ohun tó lè fi bò ó.

Ó ní, “Ìpẹtà á mú un kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ sì ní kí n má kùn ún.”

Lábísí wò ó. “Jìbírílù, nígbà tí Bàbá ń rọ ọkọ́, kí wọ́n tó bí ọ, níbo ni wọ́n ti ń ta ọ̀dà l'Ọ́wọ̀?”

Jìbírílù dẹ́kun yíyí irin po.

“Kò sí ọ̀dà. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé abọ́ lọ́wọ́ dè é. Epo ni Bàbá ń fi wọ irin láṣọ. Epo pupa. Bí àgbẹ̀ bá dé oko, ilẹ̀ á jẹ epo náà, irin á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwọ lo mú ọ̀dà dé, o wá fi orúkọ Bàbá pè é.”

Jìbírílù jókòó sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Àbẹ̀ẹ́bí gbé ìgò epo pupa tí wọ́n fi jẹ iṣu lọ́sàn-án, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Jìbírílù da epo sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá aṣọ tó lè fi pa á.

Bàbá Rùfáì dúró sẹ́yìn wọn, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, èèkàn mẹ́rin wà lápá rẹ̀. Ó tú àkísà pupa tó wà lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó na mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Lábísí.

Ó ní, “Ìyàwó, ẹ fi èyí nù ún.”